Yàrá Ẹ̀yìn Tí Mo Kọ́ fún Ìyá Túndé

Ẹ fún mi láyè kí n jókòó dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ yàrá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Bí mo bá sáré sọ ọ́, ẹ ó ní ẹjọ́ hítà amúlégbóná àti ẹ́ẹ̀sì amúlétutù lásán ni bàbá yìí ń rò. Òótọ́ ni, ẹjọ́ hítà àti ẹ́ẹ̀sì náà ni. Àmọ́ obìnrin kan wà nínú ẹjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo tí mo sì ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé kó wá bá mi gbé.

Bíríkìlà ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Ilé alámọ̀ lòun ń mọ kí búlọ́ọ̀kù tó gbòde, àwọn ilé tí ògiri wọn nípọn, tí èèyàn á ti inú oòrùn ọ̀sán wọ̀ tí ara á tù ú bí ẹni bọ́ sódò. Èmi, ti búlọ́ọ̀kù ni mo mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló wà láti Takie lọ títí tí ọwọ́ mi wà lára wọn. Ìyàwó mi, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, aránṣọ ni. Nígbà tí a bí ọmọ méjì, a kó lọ sí ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ló sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Túndé ni àkọ́bí wa, nítorí náà Ìyá Túndé ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní Bàbá Túndé. Mo ti lé lógójì ọdún dáadáa kí n tó kúrò nílé lọ sí Kánádà. Bí mo ṣe rìn ín kò yàtọ̀ sí bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń rìn ín, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Ògiri ni. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo fi ìka kan ògiri yàrá tí mo háyà, ó dún kó-kó bí agolo òfìfo. Pákó ni! Pákó ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé àdúgbò náà. Wọ́n ki nǹkan bí òwú sáàárín, wọ́n wá fi nǹkan tó dà bíi páálí bò ó lójú. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Ọlọ́run, iṣẹ́ tí mo mọ̀ kò sí níbí."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé ẹran dídì, níbi tí a ti ń to páálí adìyẹ jọ nínú yàrá tó tutù ju inú fírísà lọ. Kóòtù méjì, ìbọ̀wọ́ méjì, fìlà tó bo etí. Ó ti lé ní ọdún méjìlá báyìí tí mo ti ń ṣe é. Òtútù ibẹ̀ wọ̀ mí léegun débi pé mò ń gbé e lọ sílé. Bí mo bá ti iṣẹ́ dé, èmi àti hítà la jọ ń gbé. Mo máa ń fa àga sún mọ́ ọn, màá kẹ́yìn sí i, màá sì máa ròyìn ọjọ́ náà fún un. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ta ni mo tún ní?

Nílé, bí mo bá fẹ́ lọ ra sìmẹ́ńtì, ìkíni nìkan lè gbà mí ní wákàtí kan. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ara ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́. Ìyá arúgbó kan á pè mí padà pé ẹsẹ̀ mi yá jù, pé mi ò kí òun bó ṣe yẹ. Bí mo bá gba Sábó kọjá, àwọn Hausa oníṣòwò tó wà níbẹ̀ pàápàá mọ ohùn mi kí wọ́n tó gbójú sókè. Ní ìlú tí mo dé, mo kí ọkùnrin kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Kò sí ẹni tó bú mi o. Kò sí ẹni tó lé mi. Wọn ò kàn mọ̀ pé mo wà níbẹ̀ ni. Mo ronú lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi tí mo sì fi í sí nìyí: ibi tí ẹnì kan ti máa bínú sí ọ pé o ò kí òun, ibẹ̀ ni tìrẹ. Ní gbogbo ọdún yẹn, kò sí ẹni tó bínú sí mi.

Ọjọ́ Àìkú ni a máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọ̀sán tiwọn, àárọ̀ tèmi.

"Ooru fẹ́ pa wá, Bàbá Túndé," Ìyá Túndé á wí. "Wọ́n ti mú iná lọ láti àná. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ń jó mi níwájú, ooru ń jó mi lẹ́yìn. Inú ara mi náà tún wá ń gbóná fúnra rẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ orí ni."

"Jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀," màá dá a lóhùn. "Fi ooru ránṣẹ́, kí n fi yìnyín ránṣẹ́."

"Ẹ kúkú máa bọ̀ wá gbé e fúnra yín."

Màá rẹ́rìn-ín, màá sì béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ. Ohun tó ń sọ ń wọ etí mi, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ẹni tí òtútù ti wọ̀ léegun, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ooru fún un, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ fún ẹni tí ebi ń pa ni.

Ìgbà tó yá, mo ra ilé kékeré kan ní ẹ̀yìn ìlú. Ìwé tí Ìyá Túndé yóò fi wá bá mi náà jáde. Inú mi dùn dé góńgó. Mo ní màá fi yàrá kan kún ilé náà lẹ́yìn, yàrá tó fẹ̀, tó mọ́lẹ̀, tó máa gba tábìlì ìránṣọ àti bẹ́ẹ̀dì kékeré tó lè fi sinmi. Bó bá ti rí yàrá yẹn, kò ní rántí ilé mọ́. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Mi ò sì sọ fún un. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é. A kì í pariwo ilé tí a ń kọ́. Bàbá mi á ti kan páànù tán kí ìyá mi tó mọ̀ pé ó ra ilẹ̀. Wọ́n ní ayé ń gbọ́. Wọ́n ní ẹni tí a ń kọ́lé fún, ọjọ́ tí a bá ṣílẹ̀kùn ló ń rí i. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mí ní àdúgbò tí mo wà, ayé wo ló fẹ́ gbọ́? Síbẹ̀, mo gbé àṣà náà sọdá òkun ní odindi, mo pa ẹnu mọ́.

Àwọn tó fẹ́ bá mi kọ́ ọ ní kí n wá ẹni tó mọ̀ nípa ooru àti òtútù ilé. Obìnrin kan ló wá, Tẹrẹ́sà lorúkọ rẹ̀, ará Filipíìnì ni òun náà, àjèjì bíi tèmi. Ó gbé tépù, ó wọn ilẹ̀, ó wo ojú ọ̀run. Gẹ̀ẹ́sì la jọ sọ, ṣùgbọ́n bó ṣe bọ̀wọ̀ fún mi, bó bá gbọ́ Yorùbá, "ẹ" ni ì bá máa fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, bàbá," ó ní. "Àkọ́kọ́, ẹ lè fa ọ̀nà afẹ́fẹ́ láti ara ẹ̀rọ iná ńlá tó ń mú ilé gbóná lábẹ́ ilé yín wọnú yàrá tuntun. Àmọ́ iná yẹn ti darúgbó. Bí ẹ bá di yàrá yìí lé e lórí, gbogbo ilé ni yóò máa gbọ̀n."

"Ìyẹn ti lọ."

"Ìkejì, hítà gígùn tó ń lo iná mànàmáná. Ẹsẹ̀ ògiri la ń so ó mọ́. Ó ń mú yàrá gbóná, kò mọ nǹkan mìíràn ṣe. Ìkẹta, ẹ̀rọ kan wà tí à ń gbé kọ́ sókè ògiri, ìdajì rẹ̀ á wà níta. Nígbà òtútù á mú yàrá gbóná, nígbà ooru á mú un tutù. Pẹ̀lú fèrèsé ńlá tí ẹ fẹ́ gbé sí ìwọ̀-oòrùn yìí, ìyẹn ni mo fara mọ́."

"Ooru?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Ọmọ mi, ṣé o mọ ibi tí a ti wá? Ẹni tí a bí sínú iná, ṣé èéfín ló máa lé e jáde? Oòrùn tiyín yìí, eré ọmọdé ni."

"Ta ni yóò máa lo yàrá náà?"

"Ìyàwó mi."

"Kí lòun fẹ́?"

"Ẹ̀rù òtútù ló ń bà á," mo ní. Ìyá Túndé kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Ó tún béèrè nígbà tó padà wá, mo tún dá a lóhùn bákan náà, mo sì yan hítà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni fóònù dún, tí Tẹrẹ́sà sì wà lẹ́yìn mi tó ń pariwo béèrè ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà, kó má bàa gbé hítà sẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Túndé ló wà lórí fóònù. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. "Ta nìyẹn?"

"Tẹlifíṣọ̀n ni."

"Tẹlifíṣọ̀n wá ń béèrè ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà?"

"Ìyá Túndé, fíìmù ni."

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ bá mi kí tẹlifíṣọ̀n o."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Àìkú wa ti kúrú. Mo ní kò burú, bó bá dé tó rí yàrá, gbogbo rẹ̀ á yé e.

Mi ò ní purọ́, mo jẹ ìgbádùn iṣẹ́ náà. Wọ́n gbà mí láyè láti fọwọ́ ara mi to búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀. Ó ti tó ọdún méjìlá tí mi ò ti di ṣíbí bíríkìlà mú, síbẹ̀ ọwọ́ ò gbàgbé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilé wò dé, ó gbé lẹ́fẹ̀lì lé e níbí láti mọ̀ bó bá tẹ́jú, ó gbé e lé e lọ́hùn-ún, ó fi bàtà tì í. "Ta ló to èyí?" Mo ní èmi ni. Ó tún wò mí, ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà nìyí." Mo wọ ilé lọ, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo tún pa á dé, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ sọ fún. Ẹni tí ǹ bá sọ fún, òun náà ni mo ń fi í pamọ́ fún.

Ìgbà ooru ni Ìyá Túndé dé. Mo lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Ó ti sanra díẹ̀, ó sì rẹwà. Báàgì kan ṣoṣo ló gbé, èyí tí èèyàn ń gbé lọ sí ìsìnkú ọlọ́jọ́ mẹ́ta.

"Ẹrù yòókù ńkọ́?"

"Ẹrù wo? Ìwọ̀nba ohun tí mo máa lò ni mo kó."

Mi ò fọkàn sí i. Mo sáré mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo ṣílẹ̀kùn. Ó dúró. Ó fọwọ́ pa tábìlì, ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, ó wo fèrèsé gbàràmù-gbaramu tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Mo fi hítà hàn án nísàlẹ̀ ògiri, mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tàn án, bí mo ṣe dí gbogbo àlàfo tí òtútù ìbá gbà. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Túndé. Ẹ kú ìnáwó." Nígbà tó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ibí ni tẹlifíṣọ̀n ń gbé?"

Mo wá tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rò pé mo ti borí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí yàrá náà fi di ààrò. Láti ìgbà tí oòrùn bá ti yẹ àtàrí, á ti inú gíláàsì yẹn wọlé, kò sì sí ibi tó lè gbà jáde, torí èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dí i. Àwa tí a mọ bí a ṣe ń fi amọ̀ mú ilé tutù! Ká ní bàbá mi rí i, á bi mí léèrè pé ọmọ ta ni mí. Òógùn Ìyá Túndé ń kán sórí aṣọ tó ń rán. Ó gbé ẹ̀rọ lọ sí kíṣìnì. Láti kíṣìnì ó gbé àga lọ sí orí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Kò ráhùn. Mo ti iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo bá a níbẹ̀, ìró nìkan ló ró, ó ń wo títì.

"Ṣé èèyàn kì í kọjá níbí ni?"

"Wọ́n ń kọjá. Inú mọ́tò ni wọ́n wà."

"Mo ti kí ajá méjì láti àárọ̀," ó ní. "Ọ̀kan dáhùn."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Mo pe Tẹrẹ́sà. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Ọlọ́run ló mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó gbé ẹ̀rọ ìkẹta wá, ó kọ́ ọ sókè ògiri. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí ìta ń jó, yàrá ẹ̀yìn tutù bí abẹ́ igi. Mo mú Ìyá Túndé wọlé, mo ní kó gbọ́wọ́ sókè síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Ó gbé e sókè. Ó dijú.

"Ó ti dáa báyìí," mo ní. "Ká sọ fún Túndé kó fi ẹrù rẹ yòókù ránṣẹ́."

"Bàbá Túndé, ẹ jókòó."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kékeré náà. Òun jókòó sídìí tábìlì.

"Ẹ rántí bi obìnrin yẹn," ó ní. "Ẹ bi òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ bi ẹni tó ń ta gíláàsì. Èmi tí mo máa jókòó síbẹ̀, ẹ ò bi mí."

"Ìwọ náà mọ bí a ti ń ṣe é. A kì í..."

"Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ṣe é fún ìyá mi náà. Àmọ́ ká ní ẹ bi mí ni, mi ò ní sọ pé hítà, mi ò ní sọ pé ẹ́ẹ̀sì. Màá ní kí ẹ má kọ́ ọ." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ní Ọ̀yọ́, bí aago mẹ́jọ bá lù tí mi ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù, èèyàn mẹ́ta á ti wá kanlẹ̀kùn. Níbí, bí mo bá kú sórí àtẹ̀gùn yẹn, ajá ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Mo wá wò yín ni o. Mi ò wá gbé."

Mo wò ó. Mo wá rántí báàgì kan ṣoṣo yẹn.

"Ṣé torí tẹlifíṣọ̀n ni?"

"Ẹ̀yin ọkùnrin!" Ó fọwọ́ bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. "Ká ní obìnrin mìíràn ni ẹ gbé síbẹ̀, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe fún un. Èmi lẹ gbé síbẹ̀, ẹ ò sì mọ̀ mí mọ́."

Kí ewé igi ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí òtútù ṣe ń bọ̀, ó ti padà sí Ọ̀yọ́.

Òtútù dé lẹ́yìn tó lọ. Mo tan hítà yàrá ẹ̀yìn, kì í ṣe pé mo fẹ́ lò ó, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ni. Ó ṣiṣẹ́. Yìnyín ń bọ́ níta, inú yàrá gbóná níwọ̀nba, ìmọ́lẹ̀ wà, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Mo jókòó sídìí tábìlì ìránṣọ tí ẹnikẹ́ni kò rán nǹkan lórí rẹ̀ mọ́. Èèyàn lè fi ẹ̀rọ ṣe gbogbo nǹkan sí afẹ́fẹ́: kó mú un gbóná, kó mú un tutù, kó fẹ́ ẹ síbí, kó fẹ́ ẹ sọ́hùn-ún. Kò sí èyí tó lè mú kí ẹnì kan mí nínú rẹ̀. Mo pa hítà náà, mo sì tilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá tí mi ò wọbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan, fóònù dún ṣáájú àsìkò. Mo gbọ́ ariwo ṣọ́bìrì lẹ́yìn Ìyá Túndé.

"Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n o," ó ní. "Bíríkìlà ni. Mò ń fi yàrá kan kún ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀yin lẹ máa lò ó bí ẹ bá dé. Fèrèsé mélòó lẹ fẹ́?"

Iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu. "Apá ibo ni atẹ́gùn ti ń wá? Páànù wo ni wọ́n fẹ́ lò? Búlọ́ọ̀kù náà, ṣé oníhò ni àbí..."

"Ẹ má bi mí. Èmi ni mò ń bi yín."

Mo wá gbogbo inú mi kiri fún ohun tí mo fẹ́, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò aṣọ tí kò wọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ti bi mí ní nọ́ńbà iṣẹ́ mi, wọ́n ti bi mí ní ìwé ìrìnnà, wọ́n ti bi mí bóyá mo lè ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi. Èyí tó bi mí yìí, mi ò rántí ìgbà tí wọ́n bi mí gbẹ̀yìn.

"Méjì," mo ní. "Kí wọ́n kọjú síra. Kí ògiri ìwọ̀-oòrùn má ní fèrèsé rárá."

Mo gbọ́ bó ṣe ń tún un sọ fún bíríkìlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ́ẹ̀sì ńkọ́?"

"Fáànù ti tó."

"Hítà ńkọ́?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, mo sọ ohun tí mi ò mọ̀ pé mo máa sọ. Mo ní kí wọ́n to ògiri mẹ́ta parí, kí wọ́n dá ti ìwọ̀-oòrùn dúró ní ìdajì. Mo ní mò ń bọ̀ wá to ìyókù. Mo gbọ́ tí Ìyá Túndé fi fóònù sílẹ̀ lórí nǹkan, tó fohùn rara pe bíríkìlà pé kó máa sọ̀ kalẹ̀ lórí ògiri ìwọ̀-oòrùn.

Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí. Mo ti fi ilé náà síta fún títà. Àwọn èèyàn ń wá wò ó, gbogbo wọn ló ń yin yàrá ẹ̀yìn. Wọn á gbọ́wọ́ sókè síbi ẹ̀rọ, wọn á tẹ̀ ba hítà, wọn á ní ẹni tó kọ́ ọ mọ ohun tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà wọn á lọ, kò tíì sí ẹni tó rà á. Àárọ̀ àárọ̀ mo ṣì ń wọ kóòtù méjì lọ sí ilé ẹran dídì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní Ọ̀yọ́. Ìyá Túndé ní ẹnì kan sọ fún òun pé kí bíríkìlà kúkú parí ìdajì ògiri yẹn kí omi má bàa jẹ ẹ́. Ó ní òun wá ọ̀rá, òun fi bo orí búlọ́ọ̀kù náà, òun fi òkúta tẹ̀ ẹ́ ní ìgun méjèèjì, òun sì ti sọ fún gbogbo wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.